Koríko Ni Oúnjẹ Ehoro, Kì í Ṣe Búrẹ́dì

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá ń palẹ̀ ọjà mọ́ ní Òjúwòyè, ní Muṣin, ẹ lè rí ọmọdé tó ń ṣa ewé kábéèjì tí wọ́n já dànù sínú ọ̀rá. Bí ẹ bá bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, á ní, "Ehoro wa ni mo fẹ́ fún." Bí ó bá dé ilé, ehoro yẹn á jẹ kábéèjì, á jẹ búrẹ́dì tó ṣẹ́kù láàárọ̀, á jẹ bisikíìtì, á tún jẹ ẹ̀kúnwọ́ gàrí kan lé e. Àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín pé ehoro àwọn kì í kọ oúnjẹ. Kò ní pẹ́ lẹ́yìn náà tí ikùn rẹ̀ á wú, tí kò ní lè jẹun mọ́, ilẹ̀ á sì mọ́ bá òkú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò á ní òtútù ló pa á. Àwọn mìíràn á ní ẹran òyìnbó kì í bá èèyàn dúdú pẹ́. Kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú méjèèjì. Oúnjẹ ló pa á.

Ẹni tó ń sin ẹran kékeré nínú ilé tí kò ní àgbàlá ni a kọ àlàyé yìí fún: ẹni tó wà nínú yàrá àti pálọ̀ ní Ìtìrẹ́, nínú fúláàtì ní Sùúrùlérè, tàbí tó gbé àgò ẹran sí bàkọ́nì ní Yábàá. Ẹran mẹ́ta la máa mẹ́nu bà: ehoro, guinea pig àti ẹyẹlé. Ọ̀rọ̀ ehoro la máa sọ jù, nítorí òun ló wọ́pọ̀, òun náà sì ni a ń ṣì bọ́ jù.

Eyín tí kì í dẹ́kun àtigùn

Ẹnu ehoro ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Eyín 28 ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń gùn títí ọjọ́ tó máa kú. Eyín iwájú nìkan ń fi nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3 gùn lọ́sẹ̀ kan. Ẹ ronú nípa èékánná tí a kò gé fún oṣù mẹ́ta, ẹ ó mọ bí ìṣòro náà ṣe tóbi tó. Àwa ní abẹ. Oúnjẹ ni abẹ ehoro. Koríko ní ohun líle kan nínú tó dà bí iyanrìn kíkúnná, tó ń lọ eyín bí òkúta ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ. Nígbà tí ehoro bá ń jẹ koríko, àgbọ̀n rẹ̀ á máa lọ sọ́tùn-ún sósì fún ọ̀pọ̀ wákàtí lóòjọ́, eyín òkè á máa fá eyín ìsàlẹ̀, gígùn wọn á sì máa dọ́gba.

Búrẹ́dì kò bá eyín ṣe iṣẹ́ kankan. Ó ti yọ́ kí ẹran náà tó gbé àgbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, eyín ẹ̀yìn á yọ ṣónṣó, á máa gún ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, irun àgbọ̀n rẹ̀ á máa tutù, á sún mọ́ oúnjẹ, á tún padà sẹ́yìn. Ebi ń pa á, ṣùgbọ́n ẹnu ń dùn ún. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ó ti yó ni.

Ikùn tó ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì

Lẹ́yìn ẹnu, ó kan ikùn. Àpò ńlá kan so mọ́ ìfun ehoro, ohun tó ń gbà sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí àpò oúnjẹ rẹ̀ lè gbà. Inú àpò yìí ni àìmọye kòkòrò tí ojú kò lè rí ń gbé. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n mú èyí tó kúnná nínú koríko, kí wọ́n jẹ́ kó kan, bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò. Èyí tó gùn tó sì le nínú koríko kì í wọ inú àpò náà. Tààrà ló ń bá ìfun lọ, òun ló sì ń ti gbogbo ohun tó kù níwájú. Bí koríko kò bá sí, kò sí ohun tó máa ti ìfun, ìfun á sì dúró.

Nígbà tí àwọn kòkòrò bá ti ṣe tiwọn tán, ehoro á ya irú ìgbẹ́ kan tó yàtọ̀: ó rọ̀, ó ń dán, ó sì so pọ̀ bí ìdì èso àjàrà. Kò ní jẹ́ kó kan ilẹ̀. Á tẹ orí sábẹ́, á jẹ ẹ́ bó ṣe ń jáde, lóru tàbí ní ìdájí. Àwọn kan máa ń tìtorí èyí na ehoro wọn pé ó ń hùwà ọ̀bùn. Ẹ má nà án. Inú ìgbẹ́ rírọ̀ yìí ni ó ti ń rí purotéènì àti fítámínì B tí àwọn kòkòrò náà pèsè. Bí a bá dí i lọ́wọ́, bí ìgbà tí a gba ìdajì oúnjẹ rẹ̀ ni.

Ní báyìí, ẹ fojú inú wo búrẹ́dì, gàrí tàbí bisikíìtì nínú irú ikùn bẹ́ẹ̀. Sítáàṣì àti ṣúgà inú wọn á ya wọ inú àpò ńlá yẹn, àwọn kòkòrò burúkú bíi Clostridium á jẹ ẹ́, wọ́n á pọ̀ ju àwọn tó dára lọ, wọ́n á máa tú afẹ́fẹ́ àti májèlé jáde. Ehoro kò lè bì. Ohun tó bá ti wọlé, ìsàlẹ̀ nìkan ló lè gbà jáde. Ìdí nìyẹn tí ikùn rẹ̀ ṣe ń le bí ìlù kó tó kú.

Ìlànà tí àwọn dókítà ẹranko ń fi kọ́ni kò le láti rántí: bí a bá pín oúnjẹ ehoro tó ti dàgbà sí ọ̀nà 100, kí ọ̀nà 80 sí 85 jẹ́ koríko, kí nǹkan bí ọ̀nà 10 jẹ́ ewé tútù, kí ìwọ̀nba tó kù jẹ́ oúnjẹ inú àpò tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe é ní ilé, òdìkejì pátápátá ni.

Níbo la ti máa rí koríko ní Mainland Èkó?

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oúnjẹ ajá àti ológbò kì í ní koríko gbígbẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú ìlú tí wọ́n ń tà á lójoojúmọ́, àwọn Haúsá tó ń ta àgbò. Ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ tí wọ́n dì ní ìdì-ìdì fún àgbò, tí wọ́n ń pè ní harawa, ehoro náà ń jẹ ẹ́. Bí Iléyá bá ń sún mọ́, ojú títì ni ẹ ó ti bá a.

Àmọ́ harawa nìkan kò tó. Ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà kún fún purotéènì àti kálísíọ̀mù. Ara tiwa máa ń mú kálísíọ̀mù tó nílò, á sì fi ìyókù sílẹ̀. Ti ehoro kò rí bẹ́ẹ̀: ó ń gba èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tó bá jẹ, ó sì ń fi ìtọ̀ da àpọ̀jù rẹ̀ nù. Bí ẹ bá rí i tí ìtọ̀ rẹ̀ nípọn, tó funfun bí omi ẹfun, kálísíọ̀mù ti pọ̀ jù, ó sì lè di òkúta nínú àpòòtọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, fún ehoro tó ti lé ní oṣù mẹ́fà, ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ harawa kan pò mọ́ ẹ̀kúnwọ́ koríko mẹ́ta. Ọmọ ehoro tó ń dàgbà àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Koríko fúnra rẹ̀, ẹ lè gé e. Koríko gíga aláwẹ́ fífẹ̀ tó ń hù lórí ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́lé sí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Guinea grass, dára gan-an. Áfíríkà níbí ló ti ṣẹ̀, kó tó wọkọ̀ dé Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti fi ń bọ́ màlúù títí dòní. Ẹ gé e kó tó yọ òdòdó, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti mú jù, ẹ máa yí i padà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bó bá ń dún wọ́ṣọ́wọ́ṣọ́ lọ́wọ́, tó sì ṣì ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ó ti jinná. Ní oṣù Òkudù àti Agẹmọ, tí òjò kì í fún wa ní ìsinmi, abẹ́ òrùlé bàkọ́nì ni kí ẹ so ó kọ́ sí.

Ẹ má gé koríko etí títì, etí gọ́tà tàbí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Èéfín ọkọ̀ àti ìtọ̀ ajá wà lára rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àná ni wọ́n fọ́n oògùn apakoríko síbẹ̀. Èyí tó bá gbóná nínú àpò, tàbí tó bu, tó hu irun funfun tàbí dúdú, ẹ dà á nù. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ bíbu kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọdún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà bíbu láti Bùràsíìlì ṣe. Ikú yẹn ni ayé fi mọ májèlé tí à ń pè ní aflatoxin, ehoro sì wà lára àwọn ẹran tí májèlé náà ń tètè pa jù lọ. Àgbàdo àti ẹ̀pà tí ẹ kò lè fún ọmọ yín jẹ, ẹ má fún ehoro.

Ewé tútù láti ọjà

Nínú ewé tí apá wa ká, ewé ọ̀dùnkún ló ṣíwájú. Ó pọ̀, kò wọ́n, ehoro sì fẹ́ràn rẹ̀. Yúnyun tí a ń já nínú oko, ẹ̀fíńrín, ewé káróòtì: gbogbo wọn ló dára. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti gbúre kò burú bí wọn kò bá pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́. Kábéèjì tí ọmọ ọjà Òjúwòyè ń ṣa yẹn, ewé kan tàbí méjì tó. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ á kún ikùn ehoro. Fún ẹran tó wúwo tó kílò 2, ẹ̀kúnwọ́ ewé méjì lóòjọ́ tó, kó sì jẹ́ oríṣi méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ gbọn omi rẹ̀ nù.

Ewé ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé. Píà léwu fún ehoro, àti èso rẹ̀ àti ewé rẹ̀. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ewé tòmátò àti ṣokoléètì náà, kí ẹ má jẹ́ kó fẹnu kàn wọ́n.

Káróòtì wá ńkọ́? Láti ọdún 1940 tí Bugs Bunny ti dé inú sinimá ni gbogbo ayé ti gbà pé káróòtì ni oúnjẹ ehoro. Àwòrán lásán nìyẹn. Ṣúgà pọ̀ nínú káróòtì, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ òyìnbó. Ègé kan tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ti tó fún ìpanu. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Oúnjẹ inú àpò, omi àti oògùn

Oúnjẹ adìyẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà fún ehoro, nítorí òun ni wọ́n ń bá ní ṣọ́ọ̀bù. Àléébù mẹ́ta ló ní. Ó kúnná, kò sì bá eyín ṣiṣẹ́. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ń wọ ehoro nímú, á sì máa sín. Ẹ̀kẹta ló burú jù: wọ́n máa ń po oògùn tó ń dènà ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ mọ́ oúnjẹ adìyẹ mìíràn, àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyẹn, bíi salinomycin àti narasin, sì ń pa ehoro. Ẹ ka ara àpò rẹ̀, tàbí kí ẹ béèrè. Èyí tí wọ́n ṣe fún ehoro gan-an, tó rí bí kóró gígùn kéékèèké, ló yẹ, kó má sì ju gíráàmù 25 lọ lóòjọ́ fún kílò kan ìwúwo ẹran. Ẹ gbé oúnjẹ náà sórí òṣùwọ̀n ẹni tó ń tà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ bù ú sínú ife oníke, ẹ fi máákà fàlà sí ibi tó dé. Láti ọjọ́ náà, ẹ má kọjá ìlà.

Ehoro tó wúwo tó kílò 2 lè mu nǹkan bíi mìlílítà 200 omi lóòjọ́, èyí tó sún mọ́ ìdajì piọ́ọ̀ wọ́tà kan. Nínú ooru, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lo abọ́ amọ̀ tó wúwo tí kò lè dà nù, ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ehoro kì í làágùn bíi tiwa, bí ooru bá sì ti kọjá 30 ní ìwọ̀n Celsius, bó ṣe máa ń rí l'Ékòó, kì í fẹ́ jẹun mọ́. Bí iná bá wà, ẹ sọ omi inú ìgò oníke di yìnyín, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e tì í. Kí koríko pọ̀ lálẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, nítorí ìgbà náà ni ó ń jẹun jù.

Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ẹ má ṣe sáré lọ ra Ampiclox ní kẹ́mísì. Ampicillin tó wà nínú rẹ̀ àti amoxicillin, bí ehoro tàbí guinea pig bá gbé wọn mì, ń pa àwọn kòkòrò rere inú ikùn wọn, ó sì lè yọrí sí ikú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oògùn tó wo ọmọ sàn lè pa ehoro ọmọ náà.

Guinea pig: tirẹ̀ ni fítámínì C

Orúkọ rẹ̀ ń tan ni jẹ. Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, kò sì ti Guinea wá. Orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní agbègbè Peru, ni ilé rẹ̀. Koríko ni oúnjẹ rẹ̀ bíi ti ehoro, eyín rẹ̀ náà kì í dẹ́kun àtigùn. Ohun kan ló yà á sọ́tọ̀: ara rẹ̀ kò lè dá fítámínì C ṣe, gẹ́gẹ́ bí tàwa èèyàn náà kò ṣe lè ṣe é. Ara ehoro ń ṣe é. Nítorí náà, guinea pig tí a fi oúnjẹ ehoro nìkan bọ́ á ṣàìsàn bó ti wù kó yó tó.

Ní ọdún 1907, Axel Holst àti Theodor Frølich fi ọkà àti búrẹ́dì nìkan bọ́ guinea pig ní Norway. Èrìgì àwọn ẹran náà ń ṣẹ̀jẹ̀, eyín wọn ń mì, oríkèé wọn ń dùn wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó ń pa àwọn atukọ̀ òkun láyé àtijọ́. Nígbà tí wọ́n fi kábéèjì tútù tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ kún oúnjẹ wọn, àìsàn náà kò mú wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún ìmọ̀ tí a ní lónìí nípa fítámínì C.

Mìlígíráàmù 10 fún kílò kan ìwúwo rẹ̀ ló nílò lóòjọ́. Ègé gúáfà kékeré tó tó gíráàmù 10 ní nǹkan bí ìlọ́po méjì rẹ̀ nínú. Ègé tàtàṣé pupa tútù náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, ṣúgà rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti èso. Tútù ni kó jẹ́, nítorí iná àti oòrùn ń ba fítámínì C jẹ́.

Ẹyẹlé: ẹni tó ń bá onílé jẹ

Ti ẹyẹlé rọrùn díẹ̀, nítorí hóró ni oúnjẹ tirẹ̀: àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀wà díẹ̀ fún purotéènì. Kò ní eyín. Iwe rẹ̀ ló ń lọ oúnjẹ, òkúta wẹ́wẹ́ tó gbé mì ló sì ń fi lọ̀ ọ́. Ẹyẹlé tó wà nínú àgò lórí símẹ́ǹtì kò lè rí òkúta yìí ṣà fúnra rẹ̀. Àwa la máa bu iyanrìn líle àti ìkarahun ẹyin tí a ti lọ̀ síwájú rẹ̀. Kí abọ́ omi rẹ̀ jìn, nítorí ó ń ti ẹnu bọ omi, ó sì ń fà á bíi màlúù ni. Kì í bu ún kó tún gbójú sókè bí adìyẹ. Bó bá pamọ, àtakọ àtabo ló ń pọ ohun tó dà bíi wàrà láti ọ̀nà ọ̀fun fún ọmọ, nítorí náà ẹ fi kún oúnjẹ àwọn méjèèjì.

Ohun tí ẹ ó máa wò

Ilẹ̀ àgò ló ń sọ bí ikùn ehoro ṣe rí. Ìgbẹ́ tó dára rí roboto, ó gbẹ, ó dọ́gba, ó sì pọ̀. Ehoro tó jẹun dáadáa máa ń ya ju hóró 200 lọ lóòjọ́. Bó bá kéré sí i, tó bẹ̀rẹ̀ sí í so pọ̀ mọ́ irun, ẹ fi kún koríko àti omi. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ìdí, ẹ yọ gbogbo ohun dídùn kúrò. Bí wákàtí 12 bá kọjá tí kò jẹ nǹkan kan tí kò sì yàgbẹ́, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ wá dókítà ẹranko, ẹ sì kọ́kọ́ bi í bóyá ó máa ń tọ́jú ehoro, nítorí ajá àti adìyẹ ni ọ̀pọ̀ wọn mọ́ lára jù.

Ẹni tó ti ń fi búrẹ́dì bọ́ ẹran tirẹ̀, kó má ṣe yí i padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ lo ọjọ́ 7 sí 10: ẹ máa dín búrẹ́dì kù lójoojúmọ́, kí koríko máa pọ̀ sí i, títí búrẹ́dì á fi tán pátápátá.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń sunkún ehoro, ẹ má tíì ra ẹran náà. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó ń ta àgbò ládùúgbò yín, kí ẹ mọ ọjọ́ tí harawa rẹ̀ ń dé, kí ẹ sì wá ibi tí ẹ ó ti máa gé koríko. Bí ẹ bá rí méjèèjì, ẹ ra ehoro. Bí ẹ kò bá rí wọn, ẹyẹlé ni kí ẹ ra fún un.